Ẹ̀rọ Oyin Tó Kọ́ Sùúrù

Afárá oyin tó kún, tí àwọn oyin ti fi ìda dé ojú rẹ̀, sábà máa ń tó kílò méjì nínú férémù. Ẹ gbé e sínú ẹ̀rọ ìyọ-oyin, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa yí ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú kan. Níbi tó fi 30 sẹ̀ǹtímítà jìnnà sí àárín, agbára tó ń ti oyin síta kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìwúwo oyin náà lọ. Bí eré bá di 150, agbára náà á tó ìlọ́po méje ààbọ̀ ìwúwo rẹ̀. Bó bá di 300, ó di ìlọ́po 30. Férémù kílò méjì wá ń fa ara rẹ̀ síta bí ẹni pé ó tó 60 kílò, ó ju àpò sìmẹ́ńtì kan lọ, bẹ́ẹ̀ ìda rírọ̀ àti wáyà tín-ín-rín mélòó kan ló dì í mú. Eré di ìlọ́po méjì, agbára di ìlọ́po mẹ́rin. Orí òfin yìí ni gbogbo iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró lé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ka ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ régúlétọ̀ ẹ̀rọ ìyọ-oyin àtijọ́ sí oníṣẹ́ ọwọ́ gidi. Ẹni tó bá wò ó fìrí lè rò pé wáyà méjì ló tú, tó sì so wáyà méjì mìíràn sí i. Ohun tó ṣe gan-an ni pé ó kọ́ irin tí kò ní làákàyè ní ìgbà tó yẹ kó rọra àti ìgbà tó yẹ kó sáré.

Ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà ni mo ti wo iṣẹ́ yìí, ó sì yẹ ibẹ̀. Lorenzo Langstroth, ẹni tó gba ìwé ẹ̀tọ́ ní 1852 lórí ilé oyin tí férémù rẹ̀ ṣeé fà jáde láì ba afárá jẹ́, gbé nílùú Oxford ní ìpínlẹ̀ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 1865 ni Franz Hruschka, tó ti ṣiṣẹ́ ológun rí fún ìjọba Austria, fi ẹ̀rọ tó ń fi yíyí gba oyin kúrò nínú afárá han àwọn olùsìn oyin ní ìlú Brno. Kí ìyẹn tó dé, fífọ́ ni wọ́n ń fọ́ afárá, wọ́n á sì fún un, bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kó oyin nílẹ̀ Yorùbá ṣì ṣe ń ṣe é títí dòní. Afárá tí wọ́n bá yí dípò kí wọ́n fún un á padà sínú ilé oyin ní odidi. Àwọn oyin á tún un kún, wọn ò sì ní máa jẹ oyin tí wọ́n ì bá tò pamọ́ nítorí àtimọ ìda tuntun. Ní Medina, ní Ohio kan náà, Amos Root dá ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun èlò oyin sílẹ̀ ní 1869. Root yìí ló lọ wo àwọn ọmọ ìyá Wright níbi tí wọ́n ti ń fò ní pápá kan ní 1904, tó sì kọ ohun tó fojú rí sínú ìwé ìròyìn oyin tirẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1905. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an. Ó ti pẹ́ tí ojú tó ń wo oyin àti ojú tó ń wo ẹ̀rọ ti jọ ń gbé nínú orí kan náà níbẹ̀.

Ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù bàbá tí mo wo iṣẹ́ rẹ̀ ń gba ogún férémù. Irin tí kì í dógùn-ún ni wọ́n fi ṣe é, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Orí férémù ló ń kọjú sí ògiri agbada nínú rẹ̀, ìdí férémù á wà lápá àárín. Ìdí wà fún un: àwọn oyin kì í mọ ihò afárá ní gbọọrọ, wọ́n máa ń jẹ́ kó gbé ẹnu sókè díẹ̀ kí oyin má baà ṣàn dànù. Bí orí férémù bá wà níta, yíyí á bá ọ̀nà tí ẹnu ihò wọ̀nyẹn kọ sí mu, oyin á sì máa jáde lójú méjèèjì afárá lẹ́ẹ̀kan náà. Agbada náà kò jò. Bẹ́árìn rẹ̀ kò pariwo. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé bí wọ́n bá ti tan án, eré àsápajúdé ló máa ń bá bọ́ọ́lẹ̀. Wọ́n gbé régúlétọ̀ sí òdo o, wọn ò gbé e sí òdo o, kò gbọ́. Ẹni tó ni ín ti pàdánù àwọn afárá tuntun mélòó kan kó tó gbé e wá.

Bàbá náà, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ iná nílé iṣẹ́ ńlá kó tó fẹ̀yìn tì, kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan régúlétọ̀ rárá. Ó yọ púlọ́ọ̀gì. Ó bọ́ bẹ́líìtì. Ó so mítà mọ́ wáyà méjèèjì tó ti inú mọ́tò jáde, ó sì fi ọwọ́ yí ọ̀pá mọ́tò náà kíákíá. Nọ́ńbà gòkè lójú mítà. Lẹ́yìn náà ló yọ mítà, ó lọ́ ẹnu wáyà méjèèjì pọ̀, ó tún yí ọ̀pá náà. Lọ́tẹ̀ yìí ó wúwo, ó ń bá ọwọ́ rẹ̀ jà. Kò sọ̀rọ̀, àmọ́ ó ti mọ ohun mẹ́ta: mọ́tò DC ni, mágnẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ ṣì lágbára, wáyà inú rẹ̀ kò sì já. Mọ́tò tó ní mágnẹ́ẹ̀tì nínú máa ń mú iná jáde bí èèyàn bá fi ọwọ́ yí i. Bí ẹnu wáyà rẹ̀ bá sì so pọ̀, iná tó mú jáde yẹn gan-an ni yóò máa dì í lọ́wọ́. Ìgbà tó ṣe èyí tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi pákó pẹlẹbẹ ha ìda tó ti gan mọ́ àwo ara mọ́tò náà kó lè kà á: 90 fóòtì DC, ìlàjì agbára ẹṣin kan, 5 áńpíà. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ kí ojú rẹ̀ tó rí i. Àwọn tó ń tún wáyà mọ́tò dì nílé wa máa ń ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń dùn mí pé a kì í yìn wọ́n tó.

90 fóòtì yẹn kò ṣàdédé wáyé. Iná ilé ní Amẹ́ríkà jẹ́ 120 fóòtì AC, bí régúlétọ̀ irú èyí bá sì sọ ọ́ di DC, nǹkan bí 90 ló máa ń kan mọ́tò. Níbi tí iná ti jẹ́ 230 bíi tiwa, mọ́tò 180 fóòtì ni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń ṣe iṣẹ́ náà nínú régúlétọ̀ àtijọ́ ni SCR, tí General Electric gbé jáde ní 1957. Iná AC ibẹ̀ máa ń ru sókè ní ìgbà 120 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú ìrusókè kọ̀ọ̀kan, SCR á dúró ná, á wá ṣínà. Bó bá tètè ṣí i, iná púpọ̀ á kọjá, mọ́tò á sáré. Bó bá pẹ́ kó tó ṣí i, díẹ̀ ni mọ́tò á rí gbà. Ọgbọ́n ńlá ni, ó sì ti bọ́ ọ̀pọ̀ olùsìn oyin. Àmọ́ iná tó ń gba ibẹ̀ wọlé kì í tẹ́jú. Mọ́tò á máa kùn, á sì máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, pàápàá nígbà tó bá ń rọra lọ, ìyẹn ìgbà tí olóyin nílò rẹ̀ jù. SCR tún ní ìwà kan tó léwu: bó bá máa kú, ó sábà máa ń kú pẹ̀lú ọ̀nà ní ṣíṣí gbayawu. Ohun tó ṣe ẹ̀rọ tí mò ń wí nìyẹn.

Régúlétọ̀ tuntun tí bàbá náà yàn ń gba ọ̀nà mìíràn. Yóò kọ́kọ́ sọ iná AC di DC, kapásítọ̀ á gbé e dúró, lẹ́yìn náà á máa tan án, á máa pa á fún mọ́tò ní ìgbà tó lé ní 15,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mọ́tò kò lè bá irú ìyára bẹ́ẹ̀ dọ́gba, nítorí náà iná tó tẹ́jú ló ń rí. Ìkùn náà á lọ, ooru á dín kù. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ẹni tó kàn ń so wáyà kò ní mọ̀: DC tí kapásítọ̀ gbé dúró yìí máa ń tó 170 fóòtì, bẹ́ẹ̀ mọ́tò náà kò gbọ́dọ̀ gbà ju 90 lọ. Bí wọ́n bá gbé régúlétọ̀ náà sí i láì ṣètò rẹ̀, mọ́tò tó ti jẹ́ ọ̀rẹ́ ìdílé fún ọgbọ̀n ọdún lè bà jẹ́ lọ́jọ́ kan. Kapásítọ̀ yìí tún máa ń mú iná lọ́wọ́ fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ púlọ́ọ̀gì. Mo rí bí bàbá náà ṣe ń fi mítà wò ó ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ padà fọwọ́ kàn án, títí kan ìgbà tó jẹ́ pé òun gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ púlọ́ọ̀gì.

Mọ́tò ló kọ́kọ́ tọ́jú, kó tó gbé ohun tuntun sí i. Kábọ́ọ̀nù méjì ló ń gbé iná wọ inú mọ́tò DC, wọ́n á máa ra ara wọn mọ́ bàbà róbótó kan tó ń yí lórí ọ̀pá rẹ̀. Ìkan ti kúrú ju ìkejì lọ, bàbà náà sì ti dúdú. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku kábọ́ọ̀nù kúrò. Ó fi irin ẹlẹ́nu tín-ín-rín yọ ìdọ̀tí tó há sínú àwọn ojú àlà tó pín bàbà náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, láì kánjú, nítorí eruku tó bá dí ojú àlà wọ̀nyẹn lè jẹ́ kí iná fò láti ibì kan sí ìkejì. Nígbà tó fẹ́ fi kábọ́ọ̀nù tuntun sí i, ó wé séńpépà tó kúnná mọ́ bàbà náà, ojú rẹ̀ kọ síta, ó wá ń yí ọ̀pá náà síbi tó máa ń yí sí títí ẹnu kábọ́ọ̀nù fi ní kòtò tó bá ìyípo bàbà náà mu rẹ́gí. Ó yọ ọ́, ó wò ó sí ojú ọ̀run, ó dá a padà, ó tún yí i díẹ̀ sí i. Àpótí kábọ́ọ̀nù kì í sọ èyí fún ẹni tó rà á. Kábọ́ọ̀nù tí kò bá jókòó dáadáa á máa ta pàrà, bàbà á sì tún dúdú kí ọdún tó yí po.

Oyin fúnra rẹ̀ ni ọ̀tá régúlétọ̀. Ó ní kíkan tó ń jẹ bàbà, ó sì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ìka tó kan afárá ló ń kan kókó régúlétọ̀. Lọ́jọ́ kan, oyin á wọ inú, á fa omi, á sì máa jẹ ojú ọ̀nà iná lórí pánẹ́ẹ̀lì díẹ̀díẹ̀. Mo rí àmì rẹ̀ lórí pánẹ́ẹ̀lì àtijọ́ náà, àwọ̀ ewé tútù fẹ́rẹ́fẹ́ kan yí ẹsẹ̀ àwọn rẹsísítọ̀ ká. Bàbá náà wá fi ti tuntun sínú àpótí tó ní rọ́bà ní ẹnu, tí omi ìfọ̀lẹ̀ kò lè wọ̀. Kò gbé e mọ́ etí agbada mọ́, ara ògiri ló kàn án mọ́, níbi tí ọwọ́ á tó o, tí oyin kò sì ní ta sí i. Ihò kọ̀ọ̀kan tí wáyà gbà wọlé ní ìdè rọ́bà tirẹ̀. Gbogbo wáyà ló dorí kodò kó tó wọ àpótí, kí omi tó bá gun ara wáyà lè kán sílẹ̀ dípò kó wọlé.

Àwọn wáyà mẹ́ta kéékèèké tó lọ sí ìdí kókó tí wọ́n ń yí ló pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Wọ́n tín-ín-rín débi pé èèyàn á rò pé iná tí kò lágbára ló wà nínú wọn. Nínú ọ̀pọ̀ régúlétọ̀ irú èyí, wọ́n so mọ́ iná ilé gan-an, láìsí ohun kankan láàárín. Ẹni tó bá fi kókó onírin tí kò ní ìbora sí i, tó sì fi ọwọ́ tó lẹ̀ fún oyin dì í mú, ti fọwọ́ di iná mú. Kókó oníke ló fi sí i, ó sì fi ike bo ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú àpótí. Ó so wáyà ẹ́ẹ̀tì mọ́ agbada irin, ó fi fíùsì tirẹ̀ fún mọ́tò. Ó wá fi súwíìṣì kan sí i tó máa ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá lọ, tí kò sì ní padà títí èèyàn fi tẹ̀ ẹ́. Mi ò ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún ẹnikẹ́ni tó ti gbé lábẹ́ NEPA rí. Ẹ̀rọ tó dákẹ́ pẹ̀lú ogún férémù nínú rẹ̀, tí ọwọ́ olóyin sì ti wà nínú agbada, kò gbọ́dọ̀ jí fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ló wá kan síkírúù kéékèèké márùn-ún orí pánẹ́ẹ̀lì, ibẹ̀ sì ni mo ti rí ẹ̀bùn rẹ̀. Lẹ́tà ni wọ́n fi sàmì sí wọn: MIN, MAX, ACCEL, CL àti IR. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ra irú pánẹ́ẹ̀lì yìí, tí wọ́n á fi àwọn síkírúù náà sílẹ̀ bí ilé iṣẹ́ ṣe gbé wọn sí, wọ́n á sì sọ pé régúlétọ̀ náà kò dára. Kò tíì sí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ ni.

Bàbá náà to férémù àlòkù ogún sínú ẹ̀rọ. Pákó ló fi kún inú wọn, ó sì ti wọ̀n wọ́n kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè tó kílò méjì. Ó yí MAX sílẹ̀ pátápátá kó tó tan iná. Ó fi mítà sẹ́nu mọ́tò, ó lẹ ìwé dídán kékeré mọ́ ọ̀pá ẹ̀rọ kó lè fi iná ka eré rẹ̀, ó wá ń gbé MAX sókè díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀rọ fi ń yí ní ìgbà 300 láàárín ìṣẹ́jú kan. Mítà kò tíì dé 90. Ó fi í síbẹ̀. MIN ló tẹ̀ lé e: ó wá ibi tó kéré jù tí ẹ̀rọ á fi gbéra láì kọsẹ̀ nígbà tí kókó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní òdo.

CL ni ààlà iye áńpíà tí mọ́tò lè fà. Ìlànà tó wọ́pọ̀ ni pé kó jẹ́ ìgbà kan ààbọ̀ ohun tó wà lára mọ́tò, ìyẹn 7.5 fún èyí. Bàbá náà gbé e wálẹ̀ sí i. Nínú mọ́tò DC, iye áńpíà ni agbára ìyí. Ẹni tó bá fi ààlà sí ìkan ti fi sí ìkejì. Bí férémù bá kún, ogójì kílò oyin ni mọ́tò fẹ́ gbé kúrò lójú kan, pẹ̀lú agbára tó ní ààlà. Kò lè fò. Eré á máa gòkè bí ẹrù ṣe gbà á láyè: ẹrù wúwo, á lọ́ra, ẹrù fúyẹ́, á tètè dé ibi tó ń lọ. Oyin fúnra rẹ̀ ló wá ń sọ fún ẹ̀rọ bó ṣe yẹ kó yára tó. Ohun tí àwọn olóyin àtijọ́ ń fi apá wọn ṣe nígbà tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí i, síkírúù kan ṣoṣo ló ń ṣe é níbẹ̀. Mi ò tíì rí ohun tó wú mi lórí tó ìyẹn nínú ẹ̀rọ iná. Ó gbé ACCEL, tó ń ṣètò bí eré á ṣe máa yára gòkè tó, dé òpin ibi tó lọ́ra jù láti ràn án lọ́wọ́.

IR ló ń wo àárẹ̀ mọ́tò. Bí ẹrù bá pọ̀, apá kan fóòtì á ṣègbé sínú wáyà mọ́tò, eré á sì wálẹ̀. IR á fi díẹ̀ kún un láti dí i. Bó bá kéré jù, ẹ̀rọ á máa rọ. Bó bá pọ̀ jù, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, á rọra, á tún sáré, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Kò sí mítà tó lè sọ ibi tó dára jù fún un. Bàbá náà gbé àtẹ́lẹwọ́ lé agbada, ó fi ọwọ́ kejì yí síkírúù náà títí ẹ̀rọ fi bẹ̀rẹ̀ ségesège yẹn, ó wá yí i padà sẹ́yìn ní ìwọ̀n ọrùn èékánná. Ó dúró. Ó pa ẹ̀rọ, ó tún tan án látìbẹ̀rẹ̀, ó tún dúró. Nígbà tó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára agbada ni mo mọ̀ pé ó ti parí.

Nígbà tí wọ́n fi oyin gidi dán an wò, àwọn afárá náà ti sùn nínú yàrá tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, nǹkan bí 30 lórí ìwọ̀n Celsius. Ooru yẹn ń mú oyin ṣàn, ó sì ń sọ ìda di aláìlera nígbà kan náà; àárín méjèèjì ni régúlétọ̀ ní láti rìn. Olóyin gbé férémù tó wúwo dọ́gba kọjú sí ara wọn kí ẹ̀rọ má baà máa gbọ̀n. Ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, oyin tó kọ́kọ́ já sì ń lu ògiri agbada bí ó ṣe ń dé. Nígbà tó di 150, ó ti nípọn débi pé ìlù náà di ariwo kan ṣoṣo. Wọn kò gbé e dé 300 títí púpọ̀ nínú oyin fi jáde, nígbà tí afárá kò ní ẹrù púpọ̀ tó lè fà á ya mọ́. Ó gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn afárá funfun tuntun, tí ìda wọn kò tíì gbó, jáde ní odidi, ihò wọn ṣófo, etí wọn pé.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ àtijọ́ ni bàbá náà máa ń tún ṣe báyìí. Èyí tí mọ́tò rẹ̀ jẹ́ AC, tó ní kapásítọ̀ lẹ́yìn tí kò sì ní kábọ́ọ̀nù, kò lè bá régúlétọ̀ yìí ṣe. Fún irú ẹ̀, mọ́tò tó ń lo iná fééṣì mẹ́ta pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń yí ìwọ̀n ìrusókè iná padà ló máa ń fi rọ́pò. Èyí tí agbada rẹ̀ jẹ́ irin tí wọ́n fi síńkì bò, tàbí tí wọ́n fi òjé jó ojú rẹ̀ pọ̀, kì í gbà á rárá, nítorí kíkan inú oyin á máa yọ irin wọ̀nyẹn sínú ohun tí èèyàn fẹ́ jẹ. Ọkùnrin kan gbé ọ̀kan wá nígbà tí mo wà níbẹ̀, ó ní régúlétọ̀ nìkan ni òun fẹ́. Bàbá náà yẹ ojú ìdè agbada náà wò dáadáa, ó tú mọ́tò rẹ̀ tó ṣì dára fún un, ó dì í sínú bébà, ó sì ní kó lọ wá agbada irin tí kì í dógùn-ún kó tó padà wá bá òun.